Bí Ẹrù Yín Bá Há Sọ́wọ́ Ẹlòmíràn: Ọ̀nà Tí Òfin Là Sílẹ̀ Láti Gbà Á Padà

Kámẹ́rà mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ bá mi tún un ṣe fún oṣù mọ́kànlá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà lọ, ó ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní nǹkan kan tí òun máa fi sí i ni òun ń dúró dè. Lẹ́yìn ìyẹn, "ọ̀la" ló kù tó ń sọ, títí tí èmi náà fi ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sú mi, mo gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Mo ti rò pé iye tí mo ra kámẹ́rà náà ló máa bi mí. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: "Ọjọ́ wo lẹ ní kó gbé e fún yín, kí ló sì fi dá yín lóhùn?" Mo la ẹnu, mi ò rí nǹkan sọ. Mo ti béèrè tó ogún ìgbà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan pàtó tí mo lè nawọ́ sí pé ọjọ́ báyìí ni mo béèrè, ọjọ́ báyìí ló kọ̀.

Orí ìbéèrè lọ́yà yẹn ni ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé. Yálà ẹni tí ẹrù yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń tún un ṣe ni o, ó yá a ni, ó rà á lọ́wọ́ olè ni, tàbí ó kàn mú un, òfin ní ohun tó sọ sí i. Òfin tí mò ń wí ni èyí tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, Gánà, Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ jọra níbi gbogbo. Fọ́ọ̀mù, iye ọdún àti orúkọ kóòtù ló máa ń yàtọ̀, nítorí náà ẹ bi lọ́yà ibi tí ẹ wà léèrè nípa ìwọ̀nyẹn.

Ẹ má fi ẹjọ́ yìí wé ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìjọba kọ́ ló ń pe ẹni náà lẹ́jọ́, ẹ̀yin ni. Ẹ ò wá bí wọ́n ṣe máa tì í mọ́lé, ẹrù yín tàbí owó rẹ̀ lẹ ń wá. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ò ní láti fi hàn pé olè ni. Ẹni tó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò ṣe ohun tó burú lè jẹ̀bi dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú ìwà tí wọ́n hù sí ẹrù yín

Mẹ́ta ni. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn lọ́yà fi ń pè wọ́n, èmi náà á sì pè wọ́n bẹ́ẹ̀ kí ẹ lè dá wọn mọ̀ tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Trespass to goods ni kí ènìyàn fọwọ́ kan ẹrù ẹlẹ́rù láìgbàṣẹ: ó gbé e kúrò níbi tó wà, ó họ ọ́ lára, ó yọ táyà rẹ̀. Kò pọn dandan kó fẹ́ sọ ọ́ di tirẹ̀. Kódà inúure kò tó láti gbà á sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Kirk v Gregory, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1876, ọkùnrin kan kú, àwọn ènìyàn sì ń jẹ, wọ́n ń mu nínú ilé rẹ̀. Àna rẹ̀ obìnrin kan wò ó pé kí wọ́n má lọ jí ohun ọ̀ṣọ́ olóògbé, ló bá kó o láti yàrá kan lọ sí òmíràn. Ibi tó kó o sí gan-an ni wọ́n ti jí i. Kóòtù ní ó jẹ̀bi, torí kò sí ẹ̀rí pé ó yẹ kó gbé e kúrò níbi tó wà. Owó tí wọ́n ní kó san kò ju àmì lásán lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀bi jẹ́ ẹ̀bi.

Conversion wúwo ju ìyẹn lọ. Níbí, ẹni náà ṣe sí ẹrù yín bí ẹni pé òun ló ni ín: ó tà á, ó bà á jẹ́ pátápátá, ó gbé e fún ẹlòmíràn, ó ń lò ó bó ṣe wù ú. Ìdí tó fi wúwo ni pé gbogbo iye ẹrù náà ni kóòtù lè ní kó san, bí ìgbà tí wọ́n bá fipá tà á fún un. Ibi tí ààlà wà láàrin méjèèjì hàn kedere nínú Fouldes v Willoughby, ọdún 1841. Ọkùnrin kan kó ẹṣin méjì wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Liverpool. Ó bá ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ náà fa ọ̀rọ̀, onítọ̀hún ní kó kó ẹṣin rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kọ̀. Ẹni yẹn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àwọn ẹṣin náà sọ̀ kalẹ̀ sétí omi. Kóòtù ní kò sí conversion níbẹ̀: kò sọ pé òun ló ni ẹṣin, kò lò wọ́n, ó kàn lé wọn kúrò ni. Ó lè jẹ́ trespass, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ní kí wọ́n san iye ẹrù yín látòkè délẹ̀, ẹ bi ara yín: ṣé ó ṣe bí ẹni tó ni ín, àbí ó kàn sún un kúrò lọ́nà? Àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà máa ń wo bó ṣe pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, bí ẹrù náà ṣe bàjẹ́ tó, àti wàhálà tó kó bá ẹni tó ni ín.

Ẹ̀kẹta ni detinue. Ẹrù yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí i, ẹ béèrè, ó kọ̀. Ibí ni ẹjọ́ kámẹ́rà mi bọ́ sí. Òfin ọdún 1977 kan ti fagi lé detinue ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ conversion, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàyè ní Nàìjíríà àti Ọsirélíà. Bó sì ṣe wù kí wọ́n pè é, ìbéèrè kan náà ni kóòtù máa bi yín nípa ẹni tó kàn di ẹrù yín mú: ṣé ẹ béèrè, ṣé ó kọ̀?

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ ara yín wò bóyá ẹ̀yin lẹ lè pè é lẹ́jọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó ni nǹkan nìkan ló lè pẹjọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin ń wò ni ta ló ní ẹ̀tọ́ kí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo òfin yìí ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀: Armory v Delamirie, 1722. Ọmọdékùnrin kan tó ń gbálẹ̀ inú símínì, ihò tí èéfín ń gbà jáde nínú ilé, rí ohun ọ̀ṣọ́ kan tó ní òkúta iyebíye. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kí wọ́n lè sọ iye tó tó fún un. Ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ gbà á bí ẹni fẹ́ wọ̀n ọ́n, ó yọ òkúta inú rẹ̀, ó wá ní àwọn máa fún un ní owó kékeré kan. Ọmọ náà ní òun ò tà, kí wọ́n gbé nǹkan òun fún òun. Òfìfo ni wọ́n gbé fún un, òkúta kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ fojú inú wo ọmọ kékeré kan tí èédú kún ara rẹ̀, tó di ọwọ́ mọ́ wúrà tó ti ní ihò láàrin. Ó pe ẹjọ́, ó sì jàre. Kóòtù ní òótọ́ ni pé òun kọ́ ló ni ín, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹni tó rí nǹkan he ju ti gbogbo ènìyàn lọ, àfi ti ẹni tó ni ín gan-an. Adájọ́ tún fi kún un pé níwọ̀n bí alágbẹ̀dẹ wúrà kò ti gbé òkúta náà jáde, kí wọ́n ṣírò rẹ̀ bí èyí tó dára jù lọ tó lè gba inú ihò yẹn. Ẹ rántí apá kejì yẹn: ẹni tó bá fi ẹ̀rí pamọ́ kò lè fi jèrè.

Nítorí náà, ẹni tó yá mọ́tò, ẹni tó ń bá ènìyàn tọ́jú ẹrù, ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́, gbogbo wọn lè pe ẹni tó bá jí i tàbí tó bà á jẹ́ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹni tó ni nǹkan gan-an á ti jókòó. Bí ẹ bá fi ẹrù yín háyà fún ọdún kan, tí ẹlòmíràn wá gbé e lóṣù kẹta, ẹ̀tọ́ ìdìmú kò tíì padà sọ́wọ́ yín. Ẹni tó háyà á ni yóò pẹjọ́ conversion. Wọ́n ti dá a bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1796 nínú Gordon v Harper, lórí àga àti tábìlì tí wọ́n fi háyà pẹ̀lú ilé. Ẹ ka àdéhùn yín: bó bá sọ pé háyà parí bí ẹni náà bá ṣe báyìí báyìí, ẹ̀tọ́ lè ti padà sọ́dọ̀ yín láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kó ẹ̀rí jọ kí inú tó bí ẹnikẹ́ni

Ṣe èyí ní kíá, nígbà tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín. Rìsíìtì tí ẹ fi rà á. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Àwòrán tí ẹ yà pẹ̀lú rẹ̀. Ìwé tí ẹ gbà lọ́jọ́ tí ẹ gbé e sílẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù. Bí rìsíìtì bá ti sọnù, àlàyé báńkì nípa owó tó jáde ń ṣiṣẹ́, páálí tí wọ́n dì í sí náà ń ṣiṣẹ́ bí nọ́ńbà bá wà lára rẹ̀. Kámẹ́rà tèmi, àwòrán tí mo ti fi í yà ló gbà mí: nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fáìlì àwòrán kọ̀ọ̀kan, mi ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni ẹ fi yá a fún ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kọ̀ǹpútà mi tí mo yá yín lóṣù kejì ń ṣiṣẹ́ dáadáa?" Bó bá dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì ń lò ó," ó ti jẹ́wọ́ pé tiyín ni, pé ẹ yá a ni, pé ó sì wà lọ́wọ́ òun. Ìlà kan ti ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́rìí mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ béèrè lọ́nà tí kóòtù á fi rí i

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́. Ìbéèrè ojú ọ̀nà, ti orí fóònù nígbà tí inú ń bí yín, ti "ìwọ náà mọ̀ pé mo ń dúró dè é", gbogbo ìyẹn lè má dúró. Ìwé ni kí ẹ kọ. Èyí ni èyí tí mo kọ, mo kàn yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò:

"Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, mo gbé kámẹ́rà dúdú kan tí nọ́ńbà ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí wá sọ́dọ̀ yín pé kí ẹ bá mi tún un ṣe. Mo san owó iṣẹ́ náà tán lọ́jọ́ yẹn, rìsíìtì yín wà lọ́wọ́ mi. Tèmi ni kámẹ́rà náà, mo sì ń béèrè pé kí ẹ dá a padà fún mi. Èmi fúnra mi yóò wá gbà á lọ́dọ̀ yín ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì yìí. Bí àsìkò yẹn kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kọ èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn sí mi kó tó di ọjọ́ náà. Bí mi ò bá rí i gbà, kóòtù ni màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ."

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ó sọ ẹrù náà débi tí kò fi lè jẹ́ òmíràn. Ó sọ ìdí tí ẹrù fi jẹ́ tèmi. Ó sọ "mo ń béèrè", kò sọ "mo ń bẹ̀bẹ̀", kò sì sọ "ó yẹ kí ẹ ro ó". Ó dá ọjọ́, wákàtí àti ibi. Ó fún un láyè láti yan àsìkò mìíràn, kó má baà sọ pé mo ká òun mọ́. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìhàlẹ̀ ọlọ́pàá. Adájọ́ ni mo kọ ọ́ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni mo fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ má fi nǹkan mìíràn so mọ́ ìbéèrè. "Dá a padà, kó o sì san owó tó o jẹ mí" ti di ọ̀rọ̀ méjì; bó bá kọ̀ ọ̀kan, á ní ọ̀kan yẹn ni òun kọ̀. Ẹ kọ ìwé owó lọ́tọ̀.

Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ̀rí á fi wà pé ó dé: kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹ̀yin gbé e lọ kí onítọ̀hún fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń gba ìfọwọ́sí. Ẹ tún fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá pé, ẹ lọ lóòótọ́, ẹ mú ẹnì kan dání. Mo rí àwọn tó kọ ìwé dáadáa tí wọn ò lọ mọ́. Olùjẹ́jọ́ wá dé kóòtù, ó ní òun jókòó tì í láti àárọ̀ di alẹ́.

Báyìí, ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí oríṣi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀.

Bó bá ní "Mi ò fún yín," ó ti tán. Ẹ kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Bó bá dákẹ́, ẹ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ kọ ìwé kejì tó kúrú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lásán kì í ṣe kíkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìwé méjì bá dé ọwọ́ rẹ̀ tí kò fèsì, kóòtù lè kà á sí kíkọ̀.

Bó bá ní "Ẹ jẹ́ kí n wádìí ẹni tó ni ín ná," ẹ má tíì sáré lọ kóòtù. Ó ní ẹ̀tọ́ sí àsìkò tó mọ níwọ̀n láti wádìí, pàápàá bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni ẹ gbé e fún un. Nínú Clayton v Le Roy, lórí aago tí wọ́n jí tó wá dé ọwọ́ oníṣòwò kan, kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ lọ́dún 1911 pé ẹni tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wádìí kò tíì kọ̀. Ẹni tó bá kánjú pẹjọ́ níbí ló ń pàdánù. Ṣùgbọ́n "mò ń wádìí" tó ń wọ oṣù kẹrin ti di kíkọ̀ tó wọ aṣọ tuntun.

Bó bá ní "Kò sí lọ́wọ́ mi mọ́," ẹ bi í níbo ló wà, lọ́wọ́ ta ni, láti ìgbà wo. Bó bá ti tà á, ìyẹn gan-an ni conversion, ẹ ò sì nílò ìbéèrè kankan mọ́. Bó bá ní ó sọnù tàbí wọ́n jí i lọ́wọ́ òun, rántí pé ẹni tí ẹ fi ẹrù sí ìkáwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa fi hàn pé kò tọ́jú rẹ̀.

Bó bá ní "Ẹ san owó kí ẹ tó gbé e," a ní láti jókòó tì ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí ẹni náà bá ní ẹ̀tọ́ láti dì í mú

Ẹni tó ṣiṣẹ́ sí ẹrù yín lára, tó sọ ọ́ di ohun tó dára sí i, lè dì í mú títí ẹ ó fi san owó iṣẹ́ yẹn. Lien ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ìwà jàǹdùkú, òfin ló fún un. Nítorí náà bí ẹ kò bá tíì san owó, ẹ má lọ kọ ìwé tó le. Ẹ lọ san án. Bí ẹ bá rò pé owó náà ti pọ̀ jù, ẹ lè san án kí ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ẹ ò fara mọ́ ọn, kí ẹ gbé ẹrù yín, kí ẹ wá jà lórí owó lẹ́yìn.

Ẹ̀tọ́ náà ní ààlà o. Owó iṣẹ́ tó ṣe sí ẹrù yìí ni, kì í ṣe gbèsè àtijọ́ tí ẹ jẹ ẹ́ lórí nǹkan mìíràn, àyàfi bí àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti jẹ́ kí ẹrù kúrò lọ́wọ́ òun, ẹ̀tọ́ náà ti lọ. Kò sì lè máa ka owó ibi tó gbé ẹrù sí lé yín lórí fún ọjọ́ tó fi dì í mú nítorí ara rẹ̀: wọ́n ti dá a bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1860 lórí ọkọ̀ ojú omi kan tí àwọn tó tún un ṣe kò jẹ́ kó kúrò.

Ní òdìkejì, ẹ má gbàgbé ẹrù yín sọ́dọ̀ ènìyàn. Òfin ọdún 1977 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú ẹrù tí ẹlẹ́rù kò wá gbà lè tà á lẹ́yìn tó bá ti kìlọ̀ fún un bó ṣe yẹ.

"Mo rà á ni, mi ò mọ̀ pé jíjí ni"

Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nínú conversion, ẹni tó gbà á sílẹ̀ ń jẹ̀bi kódà bí kò bá mọ̀ pé orí àjà ni epo ti wá. Nínú Hollins v Fowler, lọ́dún 1875, àwọn alágbàtà kan ra òwú lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó fi ẹ̀tàn gbà á, wọ́n tà á síwájú, èrè kékeré ni wọ́n rí lórí rẹ̀. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn ní kí wọ́n san iye òwú náà. Ó dun ni gbọ́, ṣùgbọ́n ó dára fún ẹni tí wọ́n jà lólè: ẹ lè tẹ̀lé ẹrù yín láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí ẹ yan ẹni tó lówó lọ́wọ́ nínú wọn.

Òfin ò gbàgbé olùrà tó mọ́wọ́ mọ́ ẹsẹ̀ pátápátá. Ní 1972, kóòtù kan gbọ́ ẹjọ́ mọ́tò tí ẹnì kan rà láìmọ̀ pé kì í ṣe ti ẹni tó tà á, tó sì ná £226 láti tún un ṣe. Ẹni tó ni ín gbà á padà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó san owó àtúnṣe náà. Bí mọ́tò yín bá padà wá dára ju bó ṣe lọ, ẹ máa retí ìyẹn.

Bí olùjẹ́jọ́ bá ní "Ẹ̀yin lẹ ò ṣọ́ra," kò gbà á sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí conversion. Òfin 1977 sọ ọ́ ní tààrà.

Ṣé mo lè lọ gbé e fúnra mi?

Bí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ yín lójú títì, tí kò sí ìjà, tí kò sí ilẹ̀kùn tí ẹ já, ẹ lè mú un. Bí ẹ bá wọ inú ọgbà rẹ̀ láìgbàṣẹ, tí ẹ tì í lulẹ̀, tí ẹ fọ́ àgádágodo, olùpẹ̀jọ́ á di olùjẹ́jọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìmọ̀ràn tèmi: bí ọkàn yín bá ń lù kìkì nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ yà padà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ pinnu ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ kóòtù

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n lè fún yín: kí wọ́n ní kó dá ẹrù gan-an padà; kí wọ́n ní kó dá a padà tàbí kó san iye rẹ̀, kó yan ọ̀kan; tàbí kó san owó nìkan. Ẹrù tó wà lọ́jà káàkiri, owó ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ ẹrù náà fúnra rẹ̀, ẹ sọ ìdí: ohun ọ̀ṣọ́ tí ìyá yín fi sílẹ̀ yàtọ̀ sí fóònù tí ẹ lè rà lọ́la.

Iye ọjọ́ wo ni wọ́n máa ṣírò? Ibí ni orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ yàn ní ìgbésẹ̀ kìíní ti ń di owó. Lábẹ́ conversion, iye ẹrù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kóòtù sábà ń wò. Lábẹ́ detinue, iye rẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́ ni, torí ẹ̀ṣẹ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ ni títí wọ́n fi dá ẹrù padà. Adájọ́ Diplock ló ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí lọ́dún 1963, nínú ẹjọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wúwo. Níbi tí detinue bá ṣì wà, tí iye nǹkan sì ń lọ sókè, ẹ rí i pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ sọ fún lọ́yà yín kó ro ó kó tó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́.

Ẹ tún lè béèrè owó àìlò. Bí ẹrù yín bá jẹ́ irú èyí tí ẹ fi ń háyà, owó háyà ni. Nínú Strand Electric v Brisford, 1952, àwọn kan di ẹ̀rọ iná tíátà mú wọn ò dá a padà. Kóòtù ní kí wọ́n san owó háyà gbogbo àsìkò tí wọ́n fi dì í mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni ín lè má rí ẹni háyà gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ó máa tà á kí ẹjọ́ tó parí, ẹ ní kí kóòtù kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ má dúró de ìdájọ́ kí ẹ tó béèrè ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo aago

Ọdún mẹ́fà ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí detinue bá ṣì wà, ọjọ́ tó kọ̀ ni kíkà bẹ̀rẹ̀, ìdí kejì nìyẹn tí ìwé ìbéèrè fi ṣe pàtàkì. Lórí conversion, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, bó bá sì ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kíkà kì í tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún mẹ́fà bá pé níbẹ̀ tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀tọ́ yín lórí ẹrù náà gan-an ló kú. Ṣùgbọ́n olè kò lè fi àsìkò bora.

Ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú

Fáìlì, àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà àti àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rọrùn. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ lọ́dún 2007, nínú OBG v Allan, pé conversion kò kan ohun tí kò ṣe é fọwọ́ kàn, ó sì sọ lọ́dún 2014 pé ènìyàn kò lè di àkójọ orí kọ̀ǹpútà mú nítorí owó iṣẹ́. Ní California lọ́dún 2003, kóòtù dá ẹjọ́ trespass tí Intel, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, pe ẹni tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí nítorí ímeèlì tó ń kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Wọ́n pàdánù, torí ímeèlì náà kò ba kọ̀ǹpútà wọn jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ ti fáìlì, ẹ wo àdéhùn tí ẹ ṣe tàbí òfin àṣírí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí fáìlì wà nínú rẹ̀, ẹrù ni.

Lọ́jọ́ tó bá dá a padà

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú rẹ̀. Ẹ tan án, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ síta, ẹ ya àwòrán rẹ̀. Bí nǹkan kan bá dín, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé náà kí orúkọ yín tó dé abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún ọ̀rọ̀ bíi "kò sí ìjà mọ́ láàrin wa".

Ọjọ́ kejìdínlógún tí mo dá náà ni mo rí kámẹ́rà mi gbà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti nù ún. Okùn tí mo fi ń gbé e kọ́rùn kò sí níbẹ̀, bátìrì kejì náà kò sí. Mo fa ìwé wọn sún mọ́ra, mo kọ ọ́ síbẹ̀: "Okùn àti bátìrì kan kò sí níbẹ̀." Ó wò mí, ó wo ẹni tí mo mú dání, ó fọwọ́ sí i.